Òòlù Tó Ń Sùn Lábẹ́ Ìrọ̀rí
Olóyè Kúforíjì gba òòlù lọ́wọ́ Wúràọlá, obìnrin afọ́kùúta, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní kó fọ́ kọnkéré àtijọ́ tó yí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀yìnkùlé òun ká kí òun tó jí lójú oorun ọ̀sán. Bí òun bá gbúròó òòlù, kò gbọdọ̀ fọ́ òkúta jẹun mọ́ nílùú náà. Wúràọlá to igi gbígbẹ sórí kọnkéré, ó dáná sí i bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe lórí àpáta, ó sì ti iṣu bọ iná náà. Mẹ́gáàdì ń wò ó: ṣé iṣu ló wá sun ni? Nígbà tí kọnkéré gbóná janjan, ó bu omi adágún dà lé e lórí. Gbàù! Kọnkéré náà sán káàkiri bí ìkòkò tó gbó. Olóyè sáré jáde: "Òòlù ni mo gbọ́ yẹn!" Wúràọlá ń bó iṣu rẹ̀: "Èyí tó ń sùn lábẹ́ ìrọ̀rí yín ni, Bàbá? Bó bá ti jí, ẹ bá mi mú un bọ̀."