Tíṣà Tó Ń Yan Ẹja

Ọ̀la ni wọ́n máa la ẹja nínú ìdánwò báyọ́lọ́jì, Fadérera àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì tíì fọwọ́ kan ọkàn ẹja rí, àfi èyí tí wọ́n yà sínú ìwé. Tíṣà wọn ń ṣàìsàn. Wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ Ìyá Àkànní tó ń yan ẹja lọ.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ kọ́ wa."

"Èmi tí mi ò kàwé?"

"Ọ̀nà kan ò wọjà, Mà."

Fadérera ki ọ̀bẹ bọ ikùn ẹja, ni òróòro bá bẹ́.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, o ti sọ ẹja dewúro! Rọra là á."

Màmá ń tọ́ka, wọ́n ń dárúkọ, títí ó fi mọ́ wọn lọ́wọ́.

Gbogbo wọn ló yege. Títí dòní, "Tíṣà wa" ni wọ́n ń pè é.