Tísà Ọláòsebìkan àti Máàkì Ogún

Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló wà ní ìlú Ìdóṣùn: Ẹgbẹ́ Aláago àti Ẹgbẹ́ Oníkòkò. Bí ìbò bá ti sún mọ́lé, àwọn olórí méjèèjì a jọ fa ọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ìlú a sì yan adájọ́ kan ṣoṣo tí yóò fún wọn ní máàkì. Kí ẹnikẹ́ni má baà fún un ní rìbá, wọn a ti adájọ́ náà mọ́ yàrá kan ní gbọ̀ngàn ìlú, òun àti tẹlifíṣọ̀n, wọn a sì fi pátákó kan fèrèsé pa. Ẹni tó bá gba máàkì jù ni ìlú ń dìbò fún.

Iṣẹ́ náà kì í wu ènìyàn. Bàbá Fátólú tó ṣe é kẹ́yìn sọ pé òun ò rí i wò dáadáa. Kó tó délé, wọ́n ti dáná sun oko kòkó rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ nílùú míì ló wà títí di òní. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá a lára mu.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Tísà Ọláòsebìkan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ni wọ́n yàn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, oúnjẹ ò wọlé sí i lẹ́nu.

"Bàbá Ìdòwú, ẹ jẹ ẹ̀kọ yìí," ni ìyàwó rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, wí.

"Bí n ò bá padà wálé ńkọ́?"

"Ẹ óò padà. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ wí. Èyí tí ẹ ò bá rí, ẹ ní ẹ ò rí i."

"Ohun tí Fátólú wí náà nìyẹn."

Àbẹ̀kẹ́ rọra bo ẹ̀kọ náà.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ Tísà. Olóyè Ládépò, olórí Ẹgbẹ́ Aláago, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun yóò gbẹ́ kànga mẹ́wàá fún ìlú. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Tísà fún un ní márùndínláàádọ́rùn-ún. Ó wá kan Ìyáàfin Wúràọlá, olórí Ẹgbẹ́ Oníkòkò. Obìnrin náà dìde, ó tún gèlè ṣe, ó la ẹnu. Ni iná gbọ̀ngàn bá lọ, tẹlifíṣọ̀n náà sì kú.

Yàrá ṣókùnkùn biribiri. Lójijì, ẹnìkan gbá pátákó fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o." Ohùn náà tutù. "Ọmọ ẹ̀yìn Olóyè Ládépò ni wá. A mọ ilé yín. A tún mọ odò tí Ìyá Ìdòwú ti ń pọnmi."

Ẹsẹ̀ wọn lọ. Tísà gbọ́wọ́ sókè kó kan ilẹ̀kùn, kó kígbe pé iná ti lọ. Ó rántí oko Fátólú. Ó rántí Àbẹ̀kẹ́ létí odò. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó fọwọ́ wá bírò rẹ̀, ó sì kọ ogún síwájú orúkọ Wúràọlá nínú òkùnkùn.

Ní aago mẹ́fà, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àwọn ará ìlú ti wo tẹlifíṣọ̀n tán nílé, wọ́n ti pé síta, àwọn olórí méjèèjì náà sì ti dé láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Tísà ka ohun tó kọ.

"Olóyè Ládépò, márùndínláàádọ́rùn-ún. Ìyáàfin Wúràọlá, ogún. Kò rí ìbéèrè kankan dáhùn."

Olóyè Ládépò ló dìde.

"Tísà, ṣé ẹ wò ó dópin?"

"Mo wò ó dópin, Olóyè."

"Obìnrin yìí sọ pé mo ti ṣèlérí kànga mẹ́wàá náà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, n ò sì gbẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ó ka ibi tó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ojú tì mí. Lójú gbogbo ayé, mo tọrọ àforíjì, mo ní kí ìlú dìbò fún un. Ta ni ẹ wá ń fún ní máàkì?"

Wúràọlá bọ́ síwájú, kò pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kíláàsì mẹ́ta, sà. Ẹ máa ń nà wá bí a bá dáhùn ìbéèrè tí a ò kà."

Tísà wojú Àbẹ̀kẹ́ láàárín èrò. Àbẹ̀kẹ́ yíjú, ó gba ọ̀nà ilé lọ.

Kò sẹ́ni tó dáná sun ilé Tísà. Ó ń retí wọn títí. Nígbà tó yá, ìlú gbọ́ pé iná gbọ̀ngàn ti lọ kó tó kọ ogún náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ènìyàn méjì bá ń jà tí wọ́n sì rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wọn a yára parí ìjà fúnra wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òwe ìparí ìtàn yìí ti wà kí tẹlifíṣọ̀n tó dé, kó lọ bi àwọn ará Ìdóṣùn léèrè. Wọn yóò sọ fún un pé ẹ̀yìn ogún tí Tísà kọ nínú òkùnkùn ni àwọn àgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.