Alákàn Tó Ń Sẹ́ Omi Odò

"Àlọ́ o!"
"Àlọ̀!"
Àlọ́ mi já lu Alákàn, tí àwọn ìjàlọ bù jẹ, tí wọ́n tún dá lẹ́bi.

Ẹ̀yin ọmọ, Ìyá Alákàn ló ń fi asẹ́ sẹ́ omi odò, bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ yín. Ìjàlọ ló ń ṣọ́ odò. Òórùn ni wọ́n fi ń mọ ará ilé. Ọ̀bọ wá da iyọ̀ sódò, òórùn Alákàn yí padà.

"Ọ̀tá rèé!" Wọ́n bù ú jẹ. Ó forin sí i, ẹ bá mi gbè é:

Ará ilé ni mí o,
*Ẹ má bù mí jẹ!*

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bù ú jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ wú, kò lè gbọn asẹ́ mọ́. Asẹ́ dí, omi ń ru bí ẹ̀jẹ̀ ríru, bèbè fẹ́ ya.

"Ọ̀lẹ ni ìyá yìí!" ni ìjàlọ wí.

"Ọwọ́ tí ẹ bù jẹ lẹ ń pè lọ́lẹ? Ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́, ọ̀tá wo lẹ rí lára mi? Ẹ dá mi lóhùn!"