Ikùn tí Ṣọ́jà Fà Mọ́ra

Ọkùnrin kan wà, ṣọ́jà ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́, àmì oyè kan ṣoṣo ló sì wà lápá rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ga. Ohun kan ló kù: kí wọ́n fi téèpù wọn ọ̀rá ara rẹ̀.

Ìwọ̀n náà kò le. Wọn á wọn ọrùn, wọn á wọn ikùn, wọn á yọ ti ọrùn kúrò nínú ti ikùn. Bí èyí tó ṣẹ́kù bá pọ̀ jù, kò sí ìgbéga. Ọkùnrin wa kì í sì í fi ẹ̀bà alẹ́ ṣeré. Dípò kó dín in kù, ọgbọ́n ló wá kiri. Nígbà tí sájẹ́ǹtì tó ń wọ̀n wọ́n gbé téèpù dé ọrùn, ó fẹ ọrùn bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tó dé ikùn, ó fa ikùn mọ́ra títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn. Sájẹ́ǹtì kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé, ó ní ó yege. Ọkùnrin náà mí, ikùn padà sáàyè rẹ̀.

Kò mọ̀ pé ìwé yẹn kan náà ni wọ́n máa mú lọ fún télọ̀ bárékè, kó fi rán aṣọ ọjọ́ ìgbéga. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni aṣọ dé. Ọrùn ẹ̀wù fẹ̀ gbàgàdà. Ṣòkòtò kọ̀, kò pàdé níwájú.

"Télọ̀, ta lo rán èyí fún?"

"Ọ̀gá, nọ́ńbà tí wọ́n kọ síwájú orúkọ yín ni mo tẹ̀ lé. Ẹni tí wọ́n wọ̀n lọ́jọ́ yẹn, aṣọ yìí á bá a mu."

Àyè àtúnṣe kò sí mọ́. Ó fa ikùn mọ́ra, ó fi tipátipá de bọ́tìnnì, ó lọ dúró lórí pápá. Òógùn bò ó. Ọ̀gágun ń gbé àmì oyè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ fi gbogbo agbára dáhùn. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n tún pè é. Ẹni tó fa ikùn mọ́ra kò lè pariwo. Ìgbà kẹta, ẹ̀rù bà á kí wọ́n má fò ó kọjá, ó bá ké "Sà!" Bọ́tìnnì ta, ó ba bàtà ọ̀gágun.

Ọ̀gágun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n mú téèpù wá, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ènìyàn. Àmì oyè padà sínú àpótí.

Ìwọ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi lórí ọ̀ràn ìwọ àti ìyàwó rẹ. O ka ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà fún mi látòkè délẹ̀. Nígbà tó kan tìrẹ, o fa ikùn mọ́ra. Mo lè gbà ọ́ nímọ̀ràn báyìí o. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí o bá fún mi ni n ó fi gé aṣọ, ìwọ ni o ó sì wọ̀ ọ́ délé. Mí ná, arákùnrin. Jẹ́ ká tún un wọ̀n.