Oyèlàkin àti Ihò Akàn Etí Odò

Ní ìlú Ìdó-Odò láyé àtijọ́, èèyàn kì í ṣàdédé dìde kó máa dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Bí ìgbìmọ̀ ọba bá ti gbèrò nǹkan kan, wọn á fún ará ìlú ní ọjọ́ mẹ́sàn-án láti gbé e yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ohun tí òun rí sí i á lọ dúró lórí àpáta pẹlẹbẹ kan ní ojúde ọba. Kó tó la ẹnu, àwọn tó pé jọ á bi í ní ìbéèrè méjì: ta ló bí ọ, ta ló sì kọ́ ọ? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tẹ̀wọ̀n, wọn á jókòó gbọ́ ọ. Bí kò bá tẹ̀wọ̀n, wọn á kẹ́yìn sí i, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Nínú gbogbo àwọn tó ń gun àpáta yìí, kò sí ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ dùn létí tó ti Oyèlàkin. Bàbá tó bí i ti jẹ Ọ̀tún ọba rí. Ní ti ẹ̀kọ́, ọdún mọ́kànlá gbáko ló lò lọ́dọ̀ àgbà onímọ̀ kan nílùú òkèèrè. Ó kọ́ ìtàn, ó kọ́ òfin, ó mọ̀wé kà, ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Fún ogójì ọdún, bí Oyèlàkin bá ní ìmọ̀ràn kan dára, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn èèyàn tilẹ̀ ti máa ń jókòó kó tó dáhùn. Ká má parọ́, òótọ́ ló máa ń sọ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ìyìn a máa pa èèyàn bí ọtí, ó sì ti pẹ́ gan-an tí Oyèlàkin ti bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ ọjà ló dé. Ọjà orí òkè ti há, ìgbìmọ̀ sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí pápá tó tẹ́jú létí odò, kí ẹrù tó ń bá ọkọ̀ ojú omi wá má máa gun òkè mọ́. Oyèlàkin gun àpáta, ó gbè é lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ gbogbo wọn létí. Ó dárúkọ ìlú mẹ́ta tí ọjà wọn wà létí odò, tí wọ́n sì ń ṣe bí ọba. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn ìyálọ́jà ti ń pín ibi tí wọn yóò pa àtíbàbà sí. Àwọn mìíràn ní àwọn á kúkú kọ́lé síbẹ̀, kí àwọn àti ọmọ àwọn máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.

Ìgbà náà ni obìnrin kan gun àpáta. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, òun ló ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn sọdá odò. Wọ́n bi í ní ìbéèrè méjèèjì. Ó ní òun kò mọ ẹni tó bí òun, inú agbọ̀n ni wọ́n ti rí òun létí odò. Ó ní kò sì sẹ́ni tó kọ́ òun, ọkọ̀ lòun ń tù láti kékeré. Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan ní ṣé àjẹ̀ ìtukọ̀ ló fẹ́ fi ṣe òfin ìlú ni. Kó tó sọ gbólóhùn kan tán, ẹ̀yìn nìkan ló kù tó ń rí.

Oyèlàkin náà kẹ́yìn sí i, àmọ́ ó ti rí ojú obìnrin náà. Kì í ṣe ojú ẹni tí ìtìjú bá. Ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun nìkan sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté, ó bi Àwẹ̀ró léèrè ohun tó fẹ́ sọ.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí i, kò sì bá a jiyàn. Ó mú un wọ àárín pápá, níbi tó jìnnà sí odò dáadáa, ó fi àwọn ihò kéékèèké hàn án nínú koríko.

Ó ní, "Bàbá, ilé akàn nìyí. Akàn kì í gbẹ́lé síbi tí kò ti ní rí omi."

Ó fi àjẹ̀ rẹ̀ wa ilẹ̀. Kò tíì jìn tó orúnkún tí omi fi sun jáde. Ọyẹ́ sì ń fẹ́ nígbà náà o, kànga orí òkè ti ń gbẹ. Àwẹ̀ró ní ẹ̀ẹ̀mejì ni odò ti gba pápá yẹn lójú òun. Nígbà tó ṣe é kẹ́yìn, ọdún méjìdínlógún rèé, orí igi lòun ti lọ gbé abiyamọ kan àti ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Àwọn apẹja mélòó kan ló ń gbé ibẹ̀ nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ odindi ọjà ni, ọkọ̀ mi ò lè kó wọn tán, Bàbá."

Oyèlàkin rántí ọdún náà. Wọ́n wá sọ fún un lórí òkè pé odò kún. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó kó èèyàn lọ, ó sì padà sídìí iyán rẹ̀. Ojú ara rẹ̀ tì í.

Ọjọ́ méje ló kù, ọjọ́ méjèèje ni kò sì sun oorun ire. Bó bá yí ọ̀rọ̀ padà, orúkọ ogójì ọdún lè bàjẹ́ lójú ọ̀sán kan. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ àwọn ọmọ tí ìyá wọn fẹ́ tẹ́ sùn sí pápá yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó gun àpáta. Gbogbo wọn ti jókòó. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi òun ní ìbéèrè náà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n bi í.

Ó ní, "Ọ̀tún ló bí mi. Àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí, Àwẹ̀ró atukọ̀ ló kọ́ mi. Ohun tí mo sọ níjọsí, n kò mọ̀ ọ́n. Mo kàn sọ ọ́ dáadáa ni."

Ni kùn-ùn-kùn-ùn bá bẹ̀rẹ̀ ní ojúde ọba. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Bánkárere ní ọjọ́ ogbó ti dé sí Bàbá lórí. Àwọn kan dìde, wọ́n kẹ́yìn. Oyèlàkin kò rí ẹ̀yìn èèyàn láti orí àpáta yẹn rí, ó sì dùn ún dé egungun. Ṣùgbọ́n kò bínú. Ohun kan péré ló bẹ̀ wọ́n: kí àwọn tó ti mú ọkọ́ láti fi gbẹ́ ihò òpó lọ gbẹ́ ilẹ̀ pápá náà dé orúnkún, kí wọ́n tó dá òun lẹ́jọ́. Wọ́n lọ nítorí ewú orí rẹ̀. Kò sí ihò kan tí omi kò sun níbẹ̀. Bánkárere alára gbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí wọ́n ṣe wá ilẹ̀ míràn lẹ́yìn òkè fún ọjà nìyẹn.

Ní òjò ọdún kejì, odò gòkè. Tọmọdé tàgbà dúró lórí òkè, wọ́n ń wo omi pupa lórí pápá tí wọn ì bá máa sùn sí. Ọkọ̀ Àwẹ̀ró ń kọjá lójú ibẹ̀ gan-an. Obìnrin kan fún ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń sunkún. Bánkárere wá dọ̀bálẹ̀ síwájú Oyèlàkin.

"Bàbá, ká ní a ti kọ́lé síbẹ̀ ni, wèrè ni à bá máa pè yín lónìí."

"Ẹ̀ bá sì jàre," ni Oyèlàkin wí, tó nawọ́ sí ọkọ̀ tó ń lọ lórí omi. "Ọgbọ́n mi kọ́ ló yọ mí. Ọgbọ́n ẹni tí ẹ kẹ́yìn sí ni, tí èmi náà kẹ́yìn sí."

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.