Obì Tí Wọ́n Sọ̀ Kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Láṣẹ̀hìndé, ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin kékeré kan, ló sọ obì àwọn ará ìlú kalẹ̀ nínú wágọ́ọ̀nù ìkẹ́rù lọ́jọ́ kan, tó fi sìmẹ́ǹtì àlejò olówó kan rọ́pò rẹ̀. Obì gbẹ sínú oòrùn. Nígbà tó yá, àlejò ra tírélà tirẹ̀, ọkọ̀ ojú irin wá ń lọ lófìfo. Àṣẹ dé láti oríléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin: bí wágọ́ọ̀nù kan kò bá kún nígbà tó bá fi di Sátidé, wọn yóò ti ibùdókọ̀ náà pa.

Láṣẹ̀hìndé dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Dẹ̀búntù, olórí àwọn olóbì.

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi."

"Ọ̀gá onísìmẹ́ǹtì, ẹ dìde! Nítorí Olúwa, mo ti dárí jì yín. Ẹ wá gbé agbọ̀n méjìlá tí mo ní."

Ojú rẹ̀ tàn. "Àwọn yòókù ńkọ́, Ìyá?"

"Àwọn wo? Obì ọjọ́ yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n ní. Méjì ti kú, àwọn tó kù ti ta oko, wọ́n ti fi ìlú sílẹ̀."

Ní Sátidé, agbọ̀n méjìlá kò kún igun kan wágọ́ọ̀nù. Láṣẹ̀hìndé fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ibùdókọ̀ pa. Ó ní, "Olúwa, ṣàánú!" Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ láti ṣe àmín.