Ìyàwó Tí Ilé Ọlọ́ṣẹ Sọ Di Ẹlòmíràn

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣẹ mọ́ lára?

Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wá sí agbo ilé àwọn tí ń se ọṣẹ dúdú, gbogbo ènìyàn ló ń yin ẹnu rẹ̀. Kì í bú ẹran ọ̀sìn pàápàá.

Opó kan, Ìyá Ọdẹ́wálé, ló ń ru eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ wá fún wọn láràárọ̀. Eérú a sì bò ó látorí dẹ́sẹ̀. Bí àwọn obìnrin ilé bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á kígbe pé, “Òkú ti jí o! Ẹ bẹ́sẹ̀ yín sọ̀rọ̀!” Wọn a sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Lóṣù àkọ́kọ́, Àwẹ̀ró a gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì bá opó náà sọ ẹrù. Lóṣù kejì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kí àwọn ìyálé má baà ní ó ń ṣe bí ẹni tó sàn jù wọ́n lọ. Kí ọdún tó yípo, òun ló ń dá yẹ̀yẹ́ náà, tí àwọn yòókù ń gbè é. Lọ́jọ́ kan, ó fi kún un pé, “Òkú, ọkọ rẹ ní kí o padà wá sùn o!”

Ẹ̀rín ta. Ìyá Ọdẹ́wálé sọ ẹrù kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò wá mọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn kò fi se ọṣẹ. Ìyálé àgbà wá ní, “Àwẹ̀ró, ìwọ lo máa ń ràn án lọ́wọ́ nígbà tó o dé. Lọ bẹ̀ ẹ́.”

Àwẹ̀ró mú ọṣẹ kan tó ti pẹ́ nínú ewé lórí àjà, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà opó náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Èmi Àwẹ̀ró ni.”

“Àwẹ̀ró wo? Ìyàwó tó máa ń bá mi sọ ẹrù? Mo ti ń wá a. Níbo lẹ sin ín sí?”

Àwẹ̀ró na ọṣẹ náà sí i. Opó náà gba ọṣẹ, ó fẹ́ ṣí ewé rẹ̀, ewé kò ṣí. Ó dá a padà fún un. “Bá mi yọ ewé yìí kúrò.”

Àwẹ̀ró ha á títí. Ohun tó ń kó sí i léèékánná, ọṣẹ ni.

“Fi í sílẹ̀, ó ti pẹ́ lára rẹ̀,” opó náà wí. “Ẹ ó máa rí eérú rà. Àmọ́ ẹ̀yin ni ẹ ó máa wá rù ú.”

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí Àwẹ̀ró ń sin ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sílé ọkọ, òwe yìí nìkan ló pa fún un. Ọmọ bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní kó máa lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á fún ẹni tó fẹ́ lọ bá àwọn kan gbé, tó ń sọ pé ìwà wọn kò lè ran òun: bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.